Ọmọ Tó Ń Jẹ Yẹ̀pẹ̀ àti Ọ̀dà Ara Ògiri: Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Wò Ná

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń ká a mọ́ ibi tó ti ń bu yẹ̀pẹ̀ jẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó tún máa ń fi èékánná họ ọ̀dà tó ń bó lára ògiri yàrá wa, yóò sì jù ú sẹ́nu. Àpò èédú pàápàá, àfi kí n máa gbé e pamọ́. Mo ti nà án, mo ti fi ata sí i lọ́wọ́, kò gbọ́. Ìyá ọkọ mi ní ohun tí mo jẹ nínú oyún rẹ̀ ló ń bá a jà, nítorí mo jẹ ẹfun gan-an nígbà náà. Aládùúgbò wa kan sì ní kí n gbé e lọ sílé àdúrà, pé ojú lásán kọ́. Ògì ló ń mu jù, kì í fẹ́ oúnjẹ líle. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe? (Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ẹ ti dáhùn ọ̀pọ̀ nínú ohun tí dókítà ì bá bi yín kí n tó béèrè: ọjọ́ orí ọmọ, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń jẹ, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ nínú oyún, àti ọ̀rọ̀ ògì tí ẹ fi kádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògì yẹn ni mo fa ìlà sí lábẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí nínà àti ata fífi sọ́wọ́ dópin lónìí. Mi ò bá yín wí, ohun tí ìyá yín ṣe fún yín náà ni ẹ ń ṣe fún un. Àmọ́ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí kò jọ àìgbọràn rárá. Ó jọ ti ọmọ tí ara rẹ̀ ń béèrè ohun kan tí kò rí nínú àwo oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó yẹ ìwà rẹ̀ wò.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò sí ohun tí kì í kó sẹ́nu. Ẹnu ni ọmọdé fi ń mọ ayé ní ọjọ́ orí yẹn, bí ó bá sì fi yẹ̀pẹ̀ kan ahọ́n lẹ́ẹ̀kan, tí ó tutọ́ rẹ̀ dànù, kò sí ìdí fún ìbẹ̀rù. Ti ọmọ yín yàtọ̀ sí èyí. Ó ti kọjá ọdún méjì, ó ti ń ṣe é ju oṣù kan lọ, ó ń wá a kiri, ó sì ń gbé e mì. Ibi tí ohun mẹ́rin wọ̀nyí bá ti pàdé ni àwa oníṣègùn ti máa ń pe ọ̀rọ̀ náà ní pica, tí í ṣe orúkọ ẹyẹ kan ní èdè Látìnì, ẹyẹ tí àwọn ará Yúróòpù gbà pé kò sí ohun tí kì í ṣà jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, nítorí bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, ìdí náà ni a ó sì jọ wá.

Ìdí tí mo kọ́kọ́ máa ń fura sí ní ilẹ̀ wa ni àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìtó èròjà irin ń fà, irin tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pè ní áyọ́nù. Ara ń lo irin yìí láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Nígbà tí a bá bí ọmọ, ó ń gbé ìpamọ́ irin kan wá láti inú ìyá rẹ̀, ìpamọ́ náà sì máa ń gbé e dé nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, wàrà ọmú nìkan kò lè kún un mọ́, oúnjẹ ló gbọ́dọ̀ máa mú un wá. Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe sí ògì kí ó tó dé ẹnu ọmọ: a rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a da èèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́, a jẹ́ kí ó silẹ̀, a da omi orí rẹ̀ nù, a wá fi omi gbígbóná pò ó títí yóò fi rọ̀ débi tí ọmọ lè fi ife mu ún. Irin díẹ̀ tó wà nínú àgbàdo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bá èèrí lọ. Ọmọ á mu ife méjì, ikùn rẹ̀ á yọ gbọ̀ngbọ̀n, ìyá á dúpẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ògì kò burú. Ògì nìkan ló burú.

Ohun tó mú kí n máa fi tọkàntọkàn sọ èyí ni pé èmi náà ti ṣìnà nínú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ dókítà kékeré, ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá nítorí ikọ́, ó sì mẹ́nu bà á bí ẹni tó ń kọjá lọ pé ọmọ náà fẹ́ràn láti máa lá ògiri alámọ̀ ilé wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní yóò tó fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé e dé, ètè rẹ̀ funfun bíi bébà, ọkàn rẹ̀ ń sáré, PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sì jẹ́ 17. Ẹ̀jẹ̀ ni a fà sí i lára lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó yè, mo dúpẹ́. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ti sọ fún mi pé ọmọ òun ń jẹ ilẹ̀, ìpéǹpéjú ọmọ ni mo kọ́kọ́ máa ń fà wálẹ̀ wò.

Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ gbé ọmọ sítòsí fèrèsé ní ọ̀sán, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti wọlé dáadáa, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Inú rẹ̀ yẹ kí ó pọ́n bí ẹran tútù. Bí ó bá ràn bí omi tí a fi ṣan ẹran, ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ tún tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ẹ sì wo ahọ́n rẹ̀. Àmì yìí lè tan ènìyàn jẹ nígbà tí àìtó ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì pọ̀, nítorí náà, bí ohun gbogbo bá tilẹ̀ pọ́n lójú yín, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ jókòó sílé.

Ó ti yé wa nínú iṣẹ́ wa pé bí irin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òùngbẹ yẹ̀pẹ̀ náà a máa lọ, nígbà mìíràn kí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ tó pé padà. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé jíjẹ ilẹ̀ ń mú kí àìtó náà le sí i. Amọ̀ a máa di irin inú oúnjẹ mú nínú ikùn, kò sì ní jẹ́ kí ó wọ ara. Yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ní pàtàkì níbi tí adìẹ, ajá àti àwọn ọmọdé ti ń yàgbẹ́, kún fún ẹyin aràn, àwọn aràn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu lára ìfun. Àìtó ẹ̀jẹ̀ gbé ọmọ lọ sídìí yẹ̀pẹ̀, yẹ̀pẹ̀ fún un ní aràn, aràn mu èyí tó ṣẹ́ kù. Ọwọ́ tí a fi ń nà án kò lè já irú okùn yìí.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí màmá sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò ó. Ẹfun kò lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, ẹ kò sì gbé àṣà burúkú kọ́ ọ nínú oyún. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ ló mú kí ẹ̀yin fúnra yín máa wá ẹfun nígbà náà, bó ti ń mú ọ̀pọ̀ aláboyún. Bí irin ìyá bá sì kéré nínú oyún, ìpamọ́ tí ọmọ gbé wá sáyé yóò kéré. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ló lè ṣe yín lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá ṣì ń jẹ ẹfun tàbí nzu tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tiyín náà wò lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ. Ìdí kejì wà tó fi yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀: wọ́n ti bá òjé, ohun olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, nínú amọ̀ jíjẹ yìí. Àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní Brítéènì àti èyí tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún àwọn aláboyún nípa rẹ̀, torí àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ṣì ń rà á nínú ìsọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ọmọ ọdún méjì sì ń wo ẹnu ìyá rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ gbàdúrà fún ọmọ yín, èmi náà ń gbàdúrà fún àwọn tí mo ń tọ́jú. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ilé ìwòsàn ṣáájú, kí ẹ má sì gba agbo tàbí ààwẹ̀ fún ọmọ tó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó.

Àyẹ̀wò mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ béèrè. Èyí àkọ́kọ́ ni PCV, tí kì í gbà ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka lọ. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, a fẹ́ kí ó tó 33 ó kéré tán. Èkejì ni jẹnotáìpù, bí ẹ kò bá tíì ṣe é fún un. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń sá fún èyí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, àìsàn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, máa ń jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ẹ̀jẹ̀ tiwọn sì lè kéré láìjẹ́ pé irin ló dín. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ kàn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́mísìtì kí ẹ sì máa ṣíbí rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò ìgbẹ́ láti wo irú aràn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ti òjé nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe èyí, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀dà ara ògiri tí ẹ mẹ́nu bà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà pẹ̀lú ẹnu ara yín, kí ó lè tọ́ka yín sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé irin ló dín, oògùn olómi ni wọn yóò kọ fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìwọ̀n ara ọmọ, nǹkan bíi mílígíráàmù 3 irin gidi fún kílò kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára ìgò yàtọ̀ láti ìgò kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ fi ìlà hàn yín lára sírínjì ìwọn-oògùn tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ fún un nígbà tí inú rẹ̀ bá ṣófo díẹ̀, pẹ̀lú omi ọsàn. Ẹ má ṣe fi tíì, wàrà tàbí kókó mímu tẹ̀ lé e, torí wọ́n máa ń dí irin lọ́nà. Ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ju oògùn náà sí ẹ̀yìn ẹnu, kí ẹ sì fọ eyín lẹ́yìn rẹ̀, kí eyín má baà dúdú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti gbàgbé yẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ju ìgò nù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó kéré tán, nítorí ìpamọ́ tó ti gbẹ ni a tún ń kún. Kí ìgò náà sì wà lókè níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró tí àwọn aláboyún ń lò, nítorí irin àlòjù lè pa ọmọ kékeré.

Ní ti aràn, ọmọ tó ti pé ọdún méjì lè gba albendazole mílígíráàmù 400 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó wà láàrin ọdún kan sí méjì yóò gba ìlàjì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lákòókò Ọ̀sẹ̀ Ìlera Ìyá àti Ọmọ, ẹ lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé pẹ̀lú fítámì Éè.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sídìí ọ̀rọ̀ ọ̀dà, nítorí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Yẹ̀pẹ̀ lè fún ọmọ ní aràn, aràn sì ní oògùn. Òjé inú ọ̀dà, pàápàá ọ̀dà àtijọ́ àti ọ̀dà olóròóró tó ń dán, ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ nínú ọpọlọ ọmọdé ṣòro láti tún ṣe. Kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọ. Ikùn ọmọ kékeré ń fa òjé wọ ara ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà, ọmọ tí irin rẹ̀ dín sì ń fa á jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀: bí irin kò bá sí láti gba ọ̀nà náà, òjé á gbà á. Ẹ rí i pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń sọ lẹ́ẹ̀kan tún jẹ́ ààbò lọ́wọ́ òjé. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé wọn, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bò ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú láàrin oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè sì di adití tàbí ẹni tí gìrì ń gbé. Ẹnu ni òjé náà gbà wọlé sí wọn lára, láti ọwọ́ tí wọ́n fi kan ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe họ ògiri náà ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pépà-ìyanrìn gbo ó nígbà tí ọmọ wà nílé, nítorí eruku rẹ̀ burú ju èèpo ọ̀dà tó bó lọ. Ẹ fi omi rin ibi tó ń bó, ẹ fi àkísà tútù ṣà á, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì dà á nù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ibùsùn ọmọ kúrò lẹ́bàá ògiri náà, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tàbí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà kan ibẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, títí onílé yóò fi tún un kùn. Àkísà tútù ni kí ẹ máa fi nu ilẹ̀ yàrá, ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń fọ́n eruku ká. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe tàbí ń yọ́ òjé, kí ó wẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ.

Mo tún ní láti béèrè ohun kan tí ẹ kò sọ: ṣé ẹ máa ń lé tìróò fún un? Mo mọ̀ pé ẹwà ni, mo mọ̀ pé ìyá ìyá wa lé e. Ṣùgbọ́n òjé ni ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà lónìí. Ní Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọwọ́ kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n wá orísun rẹ̀ títí, tìróò tí wọ́n mú láti ilé wá ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, òjé inú rẹ̀ sì ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò.

Ó kan oúnjẹ wàyí. N kò ní kí ẹ dá ògì dúró lójijì, nítorí ọmọ tó mọ ògì yóò sunkún, ẹ̀yin náà ó sì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó nípọn títí tí ṣíbí á fi gbé e, kì í ṣe ife. Ẹ fi ẹ̀wà sóyà tí a lọ̀ mọ́ àgbàdo láti ìpilẹ̀, ẹ bu edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ṣíbí kan sí i bí ó ti ń hó. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ líle nígbà tí ebi ń pa á, kí ògì wá tẹ̀ lé e, torí ikùn kékeré tí ògì ti kún kò ní àyè fún nǹkan mìíràn. Ẹ̀dọ̀ adìẹ ni mo máa ń gba àwọn ìyá níyànjú jù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó rọ̀, irin inú rẹ̀ sì rọrùn fún ara láti gbà. Ẹ sè é jinná, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí rẹ́ ẹ mọ́ ọbẹ̀ tàbí mọ́ ọ̀dùnkún, ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun méjì, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀, ẹyin, ẹja tí a ti ṣa egungun rẹ̀ dáadáa, gbogbo wọn dára. Ẹ̀fọ́ náà ní irin, àmọ́ ara kì í tètè gbà á, àyàfi tí ọsàn tàbí tòmátò tútù bá tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹ bá ká a mọ́ ìdí yẹ̀pẹ̀, ẹ má ṣe kígbe, ẹ má sì sáré. Ọmọ tí a ń kígbe mọ́ kì í dẹ́kun, ó kàn ń kọ́ bí yóò ṣe máa yára gbé e mì ni, tàbí kí ó máa lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ kò ti ní mọ ohun tó jẹ. Ẹ lọ bá a, ẹ bẹ̀rẹ̀ débi tí ojú yín àti ojú rẹ̀ á fi ṣe déédéé, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀, ẹ sọ gbólóhùn kan náà nígbà gbogbo: "Yẹ̀pẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ." Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ohun tó ń dún lẹ́nu, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé dídún kárakára yẹn ni wọ́n fẹ́: búrẹ́dì tí a yan gbẹ, tàbí kùkúmbà tí a gé pẹlẹbẹ. Kì í ṣe ẹ̀pà o, kì í sì í ṣe gúgúrú. Àwọn wọ̀nyí lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ata tí ẹ fi sí i lọ́wọ́ náà, ojú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ aago tí ẹ ká a mọ́, ibi tó wà, àti ohun tó jẹ kẹ́yìn. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mú ìwé náà wá, a sì jọ rí i pé láàrin aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀ ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí, ìgbà tí oníbàárà pọ̀ jù, tí ògì aago méje sì ti dà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ náà ní àkàrà rírọ̀ kan ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó sì bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó máa bá a ṣeré. Kí oògùn tó parí ni ó ti ju ìdajì lọ tó dínkù. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dí, tí ẹnìkan ń bá sọ̀rọ̀, kì í sábà ráyè yẹ̀pẹ̀.

Bí ọmọ yín kò bá ń dáhùn nígbà tí ẹ pe orúkọ rẹ̀, tí kì í wo ojú ènìyàn, tàbí tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bíi "mámà, omi", ẹ sọ fún dókítà, nítorí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù tàbí tí ọpọlọ wọn ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ máa ń jẹ irú nǹkan báyìí pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì nílò ìrànlọ́wọ́ tó yàtọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí a kì í dúró de ọjọ́ kejì fún. Ọmọ tó ń kó ohun gbogbo sẹ́nu kò ní mọ ìyàtọ̀ láàrin èédú àti bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó dà bíi bọ́tìnì, irú èyí tó wà nínú ohun ìṣeré àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bí ó bá há sí i lọ́nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ gidigidi láàrin wákàtí méjì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ́kísíréè lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó bì. Ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ, tó ṣì lè gbé nǹkan mì, lè máa lá oyin ṣíbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ, bí ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe dúró wá a. Òòfà méjì tí ọmọ gbé mì náà lè fa ara wọn láti inú ìfun kan sí èkejì, kí wọ́n sì lu ú. Kánfọ̀ funfun inú àpótí aṣọ dà bíi súìtì lójú ọmọ, ó sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á, tí funfun ojú rẹ̀ á pọ́n bí èso ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ á sì dúdú bíi Coca-Cola. Bí ó bá mu kẹrosíìnì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo àdúgbò yóò máa ké nìyẹn, ṣùgbọ́n èébì tí epo ń fà ni yóò gbé kẹrosíìnì náà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pa ọmọ. Láìsí gbogbo èyí pàápàá, bí ikùn rẹ̀ bá wú tó sì le, tí ó ń bì, tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń mí gúlegúle, tí oorun ń kùn ún ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tí gìrì mú un, lóru ni, lọ́sàn-án ni, ẹ gbé e lọ.

Bí kò bá sí ìkankan nínú àmì wọ̀nyí lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ nínú ike mímọ́, ẹ mú èèpo ọ̀dà kan tó ti bó lára ògiri náà sínú ọ̀rá kí dókítà lè rí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá ọkọ yín bá yín lọ bí wọ́n bá ráyè, kí àwọn náà lè gbọ́ àlàyé lẹ́nu oníṣègùn. Bí èsì bá dé, ẹ kọ PCV àti jẹnotáìpù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ iye kílò tó wọ̀n, kí n lè bá yín wo oògùn tí wọ́n kọ fún un.